Báwo Ni Oògùn Apakoríko Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Yóò Pa?

Nínú oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, tó wá dá díẹ̀, ẹni tó bá gba orí afárá Udu kúrò ní Warri lọ sí àwọn oko òdìkejì kò ní rìn jìnnà kó tó gbọ́ ìró kan: ṣìì, ṣìì, ṣìì. Àgbẹ̀ kan ló gbé spírẹ́yà kọ́ ẹ̀yìn bí ìyá tó pọn ọmọ. Omi lítà 16 ló wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ ọ̀pá tó ń ti omi jáde, ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá tínrín tí omi ń tú lẹ́nu rẹ̀ bí ìrì. Ìdérí spírẹ́yà náà kò dé dáadáa, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tutù. Sálúbàtà ló wọ̀. Kí oòrùn tó mú, ó ti fín ilẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́ta yóò fi àdá ṣán fún ọjọ́ mélòó kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo èkan tó ga dé ìbàdí ti pọ́n, ó ti gbẹ, ó ń dún wàràwàrà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Omi kan náà ló kan koríko, òun ló kan ọ̀pọ̀lọ́ tó sá sí ìdí rẹ̀, òun náà ló kan ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Koríko kú. Àgbẹ̀ lọ sílé, ó jẹ sítáàṣì pẹ̀lú ọbẹ̀ báńgà, ó sùn. Báwo ni oògùn náà ṣe mọ èyí tí yóò pa?

Kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn apakoríko kò lójú tó lè fi dá ewé mọ̀ yàtọ̀ sí ènìyàn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀ nínú ara ohun ẹlẹ́mìí, iṣẹ́ náà ni ó sì máa ń bà jẹ́ níbikíbi tó bá ti bá a. Tí ara ènìyàn kò bá ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, oògùn náà lè kọjá lára rẹ̀ láìrí ohun púpọ̀ bàjẹ́. Tí ara ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Nítorí náà, lórí kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn oko, ìbéèrè tó yẹ kí a bi ni pé: iṣẹ́ wo ni èyí ń dí lọ́wọ́, ṣé àwa náà ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún?

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìdí tí àgbẹ̀ fi ra kẹ́míkà rárá, torí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Òjò tó ń rọ̀ ní Warri lọ́dún kan máa ń ju mílímítà 2,500 lọ. Ilẹ̀ tí omi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí oòrùn sì ń mú lé e lórí, koríko kì í sinmi níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn jù, ẹ̀gẹ́ sì máa ń falẹ̀ dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Fún bíi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ewé rẹ̀ kò tíì bo ilẹ̀, koríko á rí oòrùn gbà lọ́fẹ̀ẹ́, á mu omi, á jẹ ọ̀rá ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò bá ro oko ní àkókò yìí, iṣu ẹ̀gẹ́ tó máa wú níkẹyìn kò ní ju àtàǹpàkò lọ. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni iṣẹ́ ìroko sì sábà máa ń já lé léjìká. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, dá iṣẹ́ àkànṣe kan sílẹ̀ ní ọdún 2014 lórí koríko inú oko ẹ̀gẹ́ nìkan ṣoṣo.

Àwọn koríko kan tún wà tí ọkọ́ kò ràn. Èkan ni olórí wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ bí okùn, ó ní oríkèé oríkèé. Tí ọkọ́ bá gé e sí mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló lè hù. Ẹni tó ń fi ọkọ́ kọ èkan káàkiri oko ń gbìn ín ni, kò mọ̀.

Kẹ́míkà tó kọ́kọ́ yẹ ká gbé yẹ̀ wò ni èyí tó ń dé ìdí gbòǹgbò yẹn. Glyphosate ni orúkọ rẹ̀. John Franz, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní ilé-iṣẹ́ Monsanto ní Amẹ́ríkà, ló rí agbára rẹ̀ ní ọdún 1970, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lábẹ́ orúkọ Roundup ní ọdún 1974. Lónìí, orúkọ ìtajà rẹ̀ ní Nàìjíríà kò lóǹkà.

Ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni a fi ohun tí wọ́n ń pè ní purotéènì kọ́, bí ìgbà tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Oríṣi búlọ́ọ̀kù 20 ló wà. Ewéko máa ń rọ gbogbo wọn fúnra rẹ̀, ó sì ní yàrá iṣẹ́ kan nínú ara tí ó ti ń rọ mẹ́ta pàtó nínú wọn. Nínú yàrá yìí, òṣìṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ gba èròjà kan sọ́wọ́, kó so ó mọ́ òmíràn, kó sì fi í ránṣẹ́ síwájú. A ó máa pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní amúṣẹ́yá, nítorí iṣẹ́ tí ìbá gba ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń ṣe ní ìṣẹ́jú akàn. Glyphosate máa ń bọ́ sí àyè tí amúṣẹ́yá náà fi ń gba èròjà, á há síbẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ tó kán sínú àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ gidi ò ráàyè wọlé mọ́. Iṣẹ́ dúró, búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tán, ilé kò ṣeé kọ́.

Ìdí nìyí tí koríko tí a fín ní ọjọ́ Ajé ṣì fi máa ń tutù yọ̀yọ̀ ní ọjọ́rú, tí àgbẹ̀ tuntun á máa rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ebi ló ń pa koríko náà, ebi kì í sì í pani lójijì. Ní gbogbo ìgbà yẹn, omi ara ewé tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ìsàlẹ̀ ń gbé glyphosate lọ pẹ̀lú, títí dé oríkèé tó gbẹ̀yìn lábẹ́ ilẹ̀. Ohun tó ń ṣe èkan yìí náà ni yóò ṣe ẹ̀gẹ́ tó bá kan ewé rẹ̀. Kò mọ èyí tí olóko gbìn.

Ènìyàn ńkọ́? A kò ní yàrá iṣẹ́ yẹn. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta náà, inú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran ni a ti ń rí wọn jẹ. Amúṣẹ́yá tí glyphosate ń wá kiri kò sí lára wa, ìyẹn ló fà á tí kì í fi í tètè ṣe ìpalára fún ènìyàn bíi ti àwọn kẹ́míkà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀, nítorí kì í ṣe glyphosate nìkan ló wà nínú ike.

Ẹ da omi sórí ewé kókò. Omi náà á di róbótó, á yí gbiri, á já bọ́. Ọ̀pọ̀ koríko ló ní irú epo bẹ́ẹ̀ lójú ewé, nítorí náà wọ́n máa ń po irú ọṣẹ kan mọ́ kẹ́míkà kí omi rẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ewé kó sì wọlé. Ọṣẹ tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń pè ní POEA, burú fún ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ju glyphosate fúnra rẹ̀ lọ, torí ohun tó ń ṣe fún epo ojú ewé náà ló ń ṣe fún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹja fi ń mí. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de pípò ó mọ́ glyphosate ní ọdún 2016. Ní agbègbè bíi Warri, tí odò kékeré wà lẹ́yìn ilé, tí àwọn Itsekiri, Ìjọ̀ àti Urhobo ti ń pẹja láti ayébáyé, ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí tó ohun tí a ń jókòó sọ.

Ti àrùn jẹjẹrẹ ni aráyé ṣì ń jiyàn lé lórí. Ní ọdún 2015, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kéde pé ó ṣeé ṣe kí glyphosate máa fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù àti àjọ àyíká ti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n dáhùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ènìyàn méjì bá dúró ti apẹ̀rẹ̀ tí paramọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kan ní ejò náà ní oró, tí èkejì ní kò lè bu ẹni tó ń kọjá jẹ nítorí ìdérí wà lórí rẹ̀, àwọn méjèèjì lè máa sọ òtítọ́. IARC ń wo oró. Àwọn yòókù ń wo ìdérí, ìyẹn ìwọ̀n tó ń dé ara ènìyàn. Àgbẹ̀ tí kẹ́míkà ń kán sí lẹ́yìn láàárọ̀ títí di ọ̀sán kì í ṣe ẹni tó kàn ń kọjá lẹ́bàá apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní San Francisco ní kí Monsanto san mílíọ̀nù 289 dọ́là fún Dewayne Johnson, òṣìṣẹ́ tó ń fín koríko ní ọgbà ilé-ìwé tí jẹjẹrẹ sì mú. Adájọ́ dín owó náà kù gan-an lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tẹ̀ lé e. Ní Tógò tó wà nítòsí wa, ìjọba fòfin de glyphosate ní ìparí ọdún 2019. Yúróòpù ní tiwọn tún fún un ní ìwé àṣẹ ọdún 10 sí i ní 2023.

Ní ti kẹ́míkà kejì, kò sí àríyànjiyàn lórí bóyá ó ń pa ènìyàn. Paraquat ni. Ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀ pé ó ń pa koríko ní ọdún 1955, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1962 pẹ̀lú orúkọ Gramoxone. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Tí a bá fín in láàárọ̀ tí oòrùn sì mú, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ewé ti wọ́, bí ẹni pé omi gbígbóná ni wọ́n dà sí i.

Iṣẹ́ tí ó ń bà jẹ́ ni ìdáná-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe máa pe ọgbọ́n tí ewé fi ń mú ìtànṣán oòrùn, tó ń fi í se oúnjẹ láti inú omi àti afẹ́fẹ́. Nínú ewé, agbára oòrùn máa ń sáré gba ojú ọ̀nà kan bí epo ṣe ń gba inú páìpù, láti ọwọ́ kan sí òmíràn, títí tó fi dé ìdí àrò. Ohun tó ń gbé agbára náà ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tó kéré ju ohunkóhun tí ojú lè rí. Ará Warri kò nílò àlàyé gígùn lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá lu páìpù láti jí epo. Paraquat ni ẹni náà. Á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lójú ọ̀nà, á sáré gbé e fún ọ́síjìn tó wà nítòsí, á sì padà wá ní ọwọ́ òfo láti gba òmíràn. Kì í tán, kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan lè lọ kó bọ̀ ní àìmọye ìgbà.

Oúnjẹ tí ewé pàdánù kọ́ ló ń pa á. Epo tó dà sílẹ̀ ni. Ọ́síjìn tó gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò yẹ kó gbà ti yí padà, ó ti di ọ́síjìn oníjà, gbogbo ohun tó bá fara kàn ló ń jó. Ó ń jó ògiri àwọn yàrá kéékèèké tí a fi kọ́ ara ewé, omi inú wọn á tú, ewé á gbẹ. Tí oòrùn kò bá sí, páìpù kò gbé nǹkan kan, olè kò rí ohun jí: ewé tí a fín lóru máa ń dúró di àárọ̀.

Níhìn-ín ni ewu ènìyàn ti wọlé. A kò ní ewé lára, ṣùgbọ́n ara wa náà ní páìpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ tí a jẹ ti ń di agbára. Ọ́síjìn sì ni a ń mí. Ohun méjì tí paraquat nílò ló wà lára wa nígbà gbogbo, láìdúró de oòrùn. Ibi tí ọ́síjìn pọ̀ sí jù lọ ni ẹ̀dọ̀fóró. Bíi pé ìyẹn kò tó, àwọn yàrá inú ẹ̀dọ̀fóró ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà kó èròjà kan tí ara nílò wọlé, paraquat sì jọ èròjà yẹn. Ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, tó ń kó o jọ títí tí èyí tó wà nínú rẹ̀ fi máa ń pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbé e mì ṣòro láti kọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun á bó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kídìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ara onítọ̀hún á fẹ́ balẹ̀, àwọn ará ilé á máa dúpẹ́. Láàárín àkókò yẹn, ẹ̀dọ̀fóró tó jóná ń jinná lọ́nà òdì, ó ń di àpá líle tí kò lè wú mọ́. Èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Dókítà tí yóò fún aláìsàn tí kò lè mí ní ọ́síjìn ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì níbí, torí ọ́síjìn púpọ̀ ni igi tí yóò máa kó sínú iná náà. Kò sí oògùn tó ń pa oró paraquat. Ẹ̀ẹ́dú ìwòsàn tàbí amọ̀ tí wọ́n bá tètè fún un lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà wákàtí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Àwọn kan wà nínú àwọn tó gbé e mì tí kò mọ ohun tí wọ́n ń mu. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń ta oògùn ní ẹyọ-ẹyọ á tú u sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ike lítà kan. Ìgò náà á dé ilé, á dúró ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ á rí i. Nítorí irú èyí ni àwọn tó ń ṣe é fi fi aró búlúù sínú rẹ̀, pẹ̀lú òórùn burúkú àti ohun tó ń mú ènìyàn bì. Síbẹ̀, ìgò tí kò ní ìwé lára kò lè kìlọ̀ fún ọmọ tí kò mọ ohun tí àwọ̀ búlúù túmọ̀ sí.

Àjọ NAFDAC, tó ń rí sí oúnjẹ, oògùn àti kẹ́míkà, fòfin de paraquat ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ó tọ́, ó sì ti pẹ́: Sweden ti ṣe é ní ọdún 1983, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù lápapọ̀ ní 2007. Àwọn tó ń sọ pé oko yóò bàjẹ́ láìsí i lè wo Kòríà Gúúsù, tó ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró láti ọdún 2012. Iye ènìyàn tí kẹ́míkà oko ń pa níbẹ̀ já wálẹ̀ gan-an láàárín ọdún díẹ̀, èso oko wọn kò sì dín. Nígbà tí òfin bá ti jáde, èyí tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé àwọn ènìyàn ló kù láti bójú tó.

Atrazine ni ẹ̀kẹta, ó sì jẹ́ ti olóko àgbàdo. Ìdáná-oòrùn náà ni òun ń dí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní ìdí páìpù níbi tí agbára ti ń wọlé. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé àgbàdo kì í kú. Àgbàdo ní èròjà nínú ara tó ń já oró atrazine bí ó ṣe ń wọlé, ọ̀pọ̀ koríko tó yí i ká kò ní. Ó jọ pé oògùn ti wá mọ ẹni tí yóò pa, ṣùgbọ́n àgbàdo ló mọ oògùn. Àbùkù atrazine ni pé kì í dì mọ́ ilẹ̀ bíi paraquat, tó máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ pinpin. Omi òjò ń gbé e lọ. Ní ìlú tí omi abẹ́ ilẹ̀ súnmọ́ òkè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gbẹ́ kànga kì í gbẹ́ jìnnà kó tó kan omi, ibi tí yóò lọ kò pamọ́. Torí omi abẹ́ ilẹ̀ ni Yúróòpù ṣe lé e jáde láti nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, NAFDAC sì fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025 ṣe òpin tirẹ̀ níhìn-ín.

Èyí tó ń jẹ́ 2,4-D yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ayédèrú àrokò ni. Ewéko ní èròjà kan tó ń ránṣẹ́ sí ẹ̀ka pé kó gùn, kó tẹ̀ síhìn-ín, kó yà sọ́hùn-ún. 2,4-D ń pa ohùn rẹ̀ dà, á pàṣẹ ìdàgbàsókè láìdáwọ́ dúró, koríko eléwé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ á lọ́, á wé, á dàgbà pa ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù rẹ̀ nítorí ó wà nínú Agent Orange tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fín sórí igbó nígbà ogun Vietnam. Oró tó ba ọ̀pọ̀ ayé jẹ́ níbẹ̀, dioxin, inú kẹ́míkà kejì tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ òdìkejì afárá. Ọ̀nà tí kẹ́míkà ń gbà wọ ara rẹ̀ jù lọ ni awọ, ìgbà tó sì léwu jù ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fín in, nígbà tó ń bù ú láti inú ike pẹ̀lú ìdérí, tí èyí tí kò tíì bá omi pàdé ń ṣàn sí i lọ́wọ́. Ìgbà kejì ni tí ẹnu ọ̀pá bá dí. Iyanrìn díẹ̀ ló há síbẹ̀. Á tú u, á gbé e sí ẹnu, á fẹ́ ẹ fùù, á nu ètè, á dá a padà, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ tí a so mọ́ ìgbànú spírẹ́yà lè ṣe iṣẹ́ yẹn dípò ètè. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò àti ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn kò wọ́n tó owó ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ooru Warri mú wọn ṣòro wọ̀ ní ọ̀sán. Kí ó fín in ní kùtùkùtù, nígbà tí atẹ́gùn kò tíì gbéra, kó sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.

Kì í ṣe oògùn nìkan ló ń ká koríko lọ́wọ́ kò. Ẹ̀gúsí tàbí ànàmọ́ tí a gbìn sáàárín ebè ẹ̀gẹ́ máa ń tẹ́ ewé bo ilẹ̀, á gba oòrùn mọ́ koríko lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́ta tó le yẹn. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Franz. Ó ń dín iye ìgbà tí spírẹ́yà ń jáde kù.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ojú odò ni ẹsẹ̀ máa ń fẹ́ gbé àgbẹ̀ lọ láti fọ spírẹ́yà. Omi ìfọ̀ yẹn ṣì jẹ́ oògùn. Kí ó fọ̀ ọ́ lóko, lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì fín omi rẹ̀ padà sórí ilẹ̀ tó ti fín tẹ́lẹ̀. Ike òfo ńkọ́? Ó dára, ó ní ìdérí, ó gba lítà kan tàbí márùn-ún, ẹnì kan ní ọjà Igbudu yóò fẹ́ fi ta epo pupa. Kí ó tó kúrò lóko, kí ó fi ṣóńṣó àdá lu ìdí rẹ̀ ní ihò mẹ́ta.